Àga Ẹni Tí Ewéko Rẹ̀ Kú

Ewéko tó lè fara da òǹgbẹ nìkan ni Ìyá Olódòdó ń tà, nítorí oòrùn àdúgbò wọn kì í ṣeré. Ọjà rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ dá páropáro. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ti bá ọkọ tirẹ̀ lọ sílẹ̀ òkèèrè, ó sì lè tajà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ kó má gbọ́ ju “Èló ni?” lọ.

Àga kan wà lábẹ́ ibòòji rẹ̀. Ẹni tí ewéko rẹ̀ bá kú ló ń jókòó síbẹ̀. Òfin Ìyá Olódòdó ni: kó tó tà fún ọ lẹ́ẹ̀kejì, wàá jókòó, wàá ròyìn bó o ṣe tọ́jú ti àkọ́kọ́.

Tíṣà ló ń jókòó síbẹ̀ jù. Ó ti fẹ̀yìn tì, òun nìkan ló ń gbélé.

“Ìyá Olódòdó, ẹ kú ọjà o. Ewéko etí erin yẹn náà ti kú.”

“Háà! Etí erin? Àbí ẹ ń da omi lù ú lójoojúmọ́ ni?”

“Bóyá omi ọ̀hún ló pọ̀.”

“Ẹ máa jẹ́ kí ilẹ̀ ẹ̀ gbẹ dáadáa ná, Tíṣà. Ẹ jókòó.”

Wọ́n á sọ̀rọ̀ ewéko, wọ́n á bọ́ sórí orúnkún tó ń ro wọ́n, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Tí Tíṣà bá lọ tán, Ìyá Olódòdó á máa gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí.

Ẹ̀rù ń bà á. Ta ni yóò máa ra ewéko tó ń kú tí kò ní sú u? Lọ́jọ́ kan Tíṣà yóò gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ, àga á sì ṣófo. Ó bá fa ojá ìkookò jáde, èyí tó le jù nínú ọjà rẹ̀.

“Èyí ò ní kú láéláé.”

Tíṣà wò ó. “Ṣé ó dá yín lójú?”

“Ó dá mi lójú ju orúkọ mi lọ.”

Ó sanwó. Ó ti ń lọ kó tó yíjú padà. “Òdòdó ẹlẹ́gùn-ún tó ń gun ògiri yẹn, ìgbà wo lèèyàn ń gé ẹ̀ka ẹ̀?”

“Èyí tó kú mọ́ yín lọ́wọ́?”

“Mo kàn ní kí n mọ̀ ni.”

Nígbà tó di Sátidé, Tíṣà ní ojá ìkookò náà ti kú. Ìyá Olódòdó káwọ́ lérí. Ó fún un ní àbámodá, èyí tó jẹ́ pé bí ewé rẹ̀ kan lásán bá bọ́ sílẹ̀, yóò hù. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ilẹ̀ wo ló burú tóyẹn? Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó ti ìsọ̀, ó gbé àpò iyanrìn kan tí yóò pò mọ́ ilẹ̀ náà, ó sì béèrè ọ̀nà títí tó fi dé ilé Tíṣà. Géètì ṣí díẹ̀. Ó yọjú wo inú ọgbà.

Òdòdó ẹlẹ́gùn-ún ti bo gbogbo ògiri, wọ́n sì ti gé ẹ̀ka rẹ̀ dáadáa, etí erin ti bímọ yí ara rẹ̀ ká, ojá ìkookò dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, Ìyá Olódòdó kò kanlẹ̀kùn, ó gbé iyanrìn rẹ̀ padà, nígbà tí Tíṣà sì dé ní Sátidé tó ní àbámodá náà ti lọ, ó nu àga fún un, ó ní, “Ó mà ṣe o, Tíṣà, ẹ jókòó.”