Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Hun Bùláńkẹ́ẹ̀tì

"Ẹ tú ìlà yẹn," ni ìyá tó ń kọ́ ọ ní híhun wúùlù wí. "Fún ìlà tó jọ̀lọ̀, ẹ ki abẹ́rẹ́ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Tó bá kan èyí tó rí kókó-kókó, ẹ ki abẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà, bàbá arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ mọ ọkọ́ ju abẹ́rẹ́ lọ, tú u, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì náà ti bò ó lórúnkún, ìlà búlúù kan, ìlà funfun kan.

"Ta lẹ fẹ́ fún?"

"Ìyàwó mi. Òtútù máa ń mú un."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Orí ṣe é ire. Ṣé ó mọ̀?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún un."

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásárì, ìyá náà ní, "Ẹ máa lọ kí ọ̀kadà tó ń lọ sí Kuta tó wọ́n, kí ìyàwó yín má baà máa wọ̀nà."

Bàbá dúpẹ́, ó wọ bàtà, ó jáde, ó sì yí sí ẹ̀yìnkùlé ilé náà, níbi tí Kúbúrátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti ń fọ aṣọ.

"Bàbá, ṣé Ìyá dá yín mọ̀ lónìí?"

Ó mi orí pé rárá. Ó jókòó sórí àpótí díẹ̀, kó tó padà síwájú ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ kọ́ sí Ìwó ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ó sì kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ wọlé," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ta lẹ ń wá?"