Àgọ́ Òbúkọ

Àlọ́ mi gbéra, ó wọkọ̀ ojú omi, ó gúnlẹ̀ sí erékùṣù kan.

Òbúkọ àti Ìgbín ń gun òkè ibẹ̀ nígbà tí òjò ṣú. Òbúkọ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pa àgọ́, ó ń yangàn: "Ìgbín, èyí nilé, kì í ṣe ìkarahun!"

Òjò dé, àgọ́ ò jò, ṣùgbọ́n ebi ń pa Òbúkọ. "Ewé kan ṣoṣo," ló wí, ló bá já a jẹ. Ìgbín dárin:

Òbúkọ, fi ewé sílẹ̀ o,
*Wẹ́lẹ́-wẹ́lẹ́!*
Òjò ò tíì lọ o,
*Wẹ́lẹ́-wẹ́lẹ́!*

Ó tún já òmíràn. Kó tó mọ̀, igi àgọ́ nìkan ló kù, ara rẹ̀ sì rin gbingbin.

"Ìgbín ọ̀rẹ́ mi, gbà mí sílé!"

"Ìwọ tó jẹ ilé ara ẹ, ṣé tèmi lo máa dá sí?"

Láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ti ṣú, abẹ́ páànù ni Òbúkọ ń sá sí. Òrùlé yẹn ò ṣeé jẹ.