Bẹ́ẹ̀dì Ẹ̀bá Ilẹ̀kùn

Wọ́n fẹ́ lé Nafisah kúrò ní yàrá, Nafisah kò sì fẹ́ lọ. Gbogbo wàhálà náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Yàrá ọ̀hún wà ní họ́stẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin ní yunifásítì kan ní Gwagwalada. Mẹ́ta ni wọ́n níbẹ̀. Misturah, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, lẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù. Abísọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni elégbè. Nafisah ló wá bá wọn níbẹ̀. Ó ti ní yàrá tirẹ̀ lókè tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lójú fèrèsé, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Lọ́jọ́ kan ní kíláàsì, Misturah ń fi àwòrán ọdún Iléyá ilé wọn han Abísọ́lá lórí fóònù, Nafisah sì jókòó lẹ́yìn wọn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló lọ bẹ màtírọ́nù pé kó jẹ́ kí òun fi bẹ́ẹ̀dì òun ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ọmọ kẹta tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni bẹ́ẹ̀dì yẹn wà. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti balùwẹ̀ ń ta omi sí i ni. Màtírọ́nù bi í bóyá ara rẹ̀ le.

Hausa ni Misturah pè é. Hausa ló fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, híjáàbù rẹ̀ gùn dé orúnkún, "sànnu" ló sì ń kí wọn láràárọ̀. Kí ni wọn ò wá fi Yorùbá sọ tán níwájú rẹ̀! Wọ́n ní ó ń rùn bíi màlúù. Wọ́n ní òun ló ń jí ọṣẹ. Wọ́n ní kí ló ń wá láàárín ọmọ Yorùbá, ṣé àwọn èèyàn tirẹ̀ ti tán ní Àbújá ni? Nafisah á dojú kọ ìwé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan Abísọ́lá sín màtírọ́nù jẹ, ó sín in jẹ débi pé ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Nafisah. Ó yára fi ikọ́ bò ó.

Láràárọ̀ ni bàbá Misturah máa ń pe ọmọ rẹ̀. Ariwo sípíkà á gba yàrá. Bàbá náà á ṣàdúrà, á dá àpárá, á ní, "Ọmọ mi àtàtà, ṣé o ti jẹun?" Nafisah kì í mira títí wọ́n á fi sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà á gbé abọ́ tí kò dọ̀tí lọ sídìí omi, á lọ fọ̀ ọ́.

Nígbà tó yá, Misturah fẹjọ́ sùn pé àwọn ò lè bá Hausa gbé mọ́. Màtírọ́nù gbọ́ Hausa dáadáa. Ó ránṣẹ́ pe Nafisah, ó sì fi èdè náà bá a sọ̀rọ̀.

"Yàrá kan ṣófo nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ Kano ló wà níbẹ̀, tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n á fi gbà ẹ́. Kí lo ń wá lọ́dọ̀ ẹni tí kò fẹ́ ẹ?"

Nafisah wólẹ̀, ó di ẹsẹ̀ obìnrin náà mú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má lé mi. Tí mo bá fi lè kúrò níbẹ̀, ó parí fún mi nìyẹn."

Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Àánú ṣe màtírọ́nù.

"Ó dáa, dìde. Bàbá Misturah ń bọ̀ ní Sátidé. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí wọ́n bá sọ la ó ṣe."

"Mo gbà," ni Nafisah wí kíákíá. "Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, mo gbà."

Ní Sátidé, ó wọ híjáàbù funfun tó ti fọ̀, tó ti lọ̀. Alhaji gbé iṣu àti gààrí dé, ó ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ ń kúnlẹ̀ kí i lọ́tùn-ún lósì. Ọ́fíìsì màtírọ́nù ni wọ́n jókòó sí. Misturah ro ẹjọ́.

"Bàbá, kò gbọ́ èdè wa, àwa náà ò gbọ́ tirẹ̀. A ò lè sinmi nínú yàrá wa."

Nafisah kúnlẹ̀. Yorùbá ló fi sọ̀rọ̀, ó ń ṣà á sọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Mo gbọ́ Yorùbá. Mi ò kàn mọ̀ ọ́n sọ dáadáa ni. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ni mo ń gbọ́. Mi ò bínú, sà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n máa gbé lọ́dọ̀ wọn."

Háà! Abísọ́lá yanu, kò lè pa á dé. Misturah ń wolẹ̀; ojú tì í, ojú tì í gan-an ni.

"Ta ló kọ́ ẹ?" ni màtírọ́nù bèèrè.

"Ilé wa ní Dei-Dei, ní Àbújá níbí ni, Màmá. Nígbà tí mo wà ní kékeré."

Alhaji wò ó. Ó ṣí fìlà, ó tún un dé.

"Bàbá," ni Misturah wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "ó lè dúró o. Àwa la ṣe é."

Màtírọ́nù pàtẹ́wọ́. "Alhaji, ó ti parí nìyẹn! Ẹ kàn bá wa fàdúrà sí i."

Bàbá náà kò ṣàdúrà. "Ẹ wá yàrá míì fún un," ó ní, kò wojú ẹnikẹ́ni. "Mi ò fẹ́ kó sún mọ́ ọmọ mi."

"Kí ló dé, Alhaji?"

"Mo ti sọ ọ́."

Màtírọ́nù ṣí ìwé yàrá, ó kọ orúkọ Nafisah sí yàrá ìsàlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ohun tí bàbá bá sọ làwọn ó ṣe.

Nafisah kó ẹrù rẹ̀. Misturah fẹ́ bá a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ní rárá. Ó ń sọ̀ kalẹ̀, omijé kò jẹ́ kó rí àtẹ̀gùn. Alhaji nìkan ló dúró nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó wo òkè bóyá ẹnì kan ń bọ̀, lẹ́yìn náà ló súnmọ́ ọn.

"Àṣàbí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí Misturah mọ̀."

Kò sẹ́ni tó tún fi orúkọ yẹn pe Nafisah mọ́ láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ tó fún un ní oríkì náà ti fọwọ́ pa á lórí ní Dei-Dei, tó ní òun fẹ́ lọ kí àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ò ní pẹ́ dé.