Ilẹ̀ Tí Kò Gbẹ

Ìyá Gbòǹgbò ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì lọ́kọ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ọmọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Oko àgbàdo mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ri ọ̀pá irin sí, mẹ́rin nínú oko kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kékeré sì wà lára ọ̀pá tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe tutù tó àti ibi tí gbòǹgbò dé. Ohun tí àwọn ọ̀pá náà bá sọ ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń gbà, òun a sì fi ya gbòǹgbò sójú kọ̀ǹpútà, bí ìgbà tí wọ́n ń yàwòrán ọmọ inú oyún.

Oko kẹrìndínlógún, ti bàbá rẹ̀ ni. Ìyá Gbòǹgbò ló bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n fi kún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n ri ọ̀pá síbẹ̀, bàbá yí èyí àkọ́kọ́ po lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ni irin yìí ń wá nínú ilẹ̀?"

"Omi ni, Bàbá. Omi àti gbòǹgbò."

"Tí kò bá wá rí omi ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tí gbogbo wọn bá gbẹ, iṣẹ́ parí nìyẹn. Wọ́n á ti ọ́fíìsì wa pa, èmi náà á wá bá yín ro oko."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ tó dára jù nínú ilẹ̀ rẹ̀ ló tà kí ọmọ yìí lè kàwé.

Lóṣù kejì, òjò kọ̀. Oòrùn ń yan ilẹ̀ bí ẹni ń yan ẹ̀pà. Oko kìíní gbẹ, ìkejì tẹ̀ lé e. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, Ìyá Gbòǹgbò ti kọ "ó ti kú" sábẹ́ àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀gá wá ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀, irú ohùn tí èèyàn fi ń bá ẹni tó fẹ́ lé lọ sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n oko kẹrìndínlógún kò gbẹ.

Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ló ń purọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ọ̀rọ̀ ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣọ̀kan. Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá, ṣé òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín ni?"

"Òjò wo? A ò rí ìkùukùu." Bàbá ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kí ló ń ṣe yín?"

"Odò ni mo ti ń bọ̀. Kí ni ẹ̀rọ rẹ wí?"

"Ó ní ilẹ̀ yín tutù. Ó ní gbòǹgbò ṣì ń lọ sísàlẹ̀."

"Lẹ́nu ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣé àgbàdo náà dára lójú?"

"Ìwọ tí o ní ẹ̀rọ, èmi lo wá ń bi?"

Ìyá rẹ̀ ló gba fóònù lẹ́yìn náà. "Bàbá rẹ ti rù kan egungun, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun lọ sóko. Wá wò ó."

"Mo ń bọ̀, Màmá. Iṣẹ́ ló wọ̀ mí lọ́rùn."

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló rí láàárín oko náà àti àwọn yòókù. Irúgbìn àtijọ́ ni bàbá rẹ̀ gbìn, àgbàdo kéékèèké tí ìyá tó bí bàbá fi sílẹ̀. Nígbà tó fi àwòrán gbòǹgbò oko náà han ọ̀gá, ọ̀gá dìde lórí àga.

"Ìyá Gbòǹgbò! O ti gbà wá là."

Wọ́n wá irú irúgbìn náà kiri títí wọ́n fi rí i rà, wọ́n sì pín in fún irínwó ilé. Lọ́jọ́ ìpínfúnni, obìnrin àgbẹ̀ kan fà á lápá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, irúgbìn tèmi ku abọ́ kan nílé. Ṣé kí n gbìn ín, àbí kí n sè é fáwọn ọmọ, kí n gbin tiyín?"

"Ẹ sè é fún wọn, Màmá. Mo ti fojú mi rí gbòǹgbò eléyìí, omi ló ń tọ̀ lọ nísàlẹ̀."

"Ojú oró ní í lékè omi," ni obìnrin náà wí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Wàá lékè, ọmọ mi."

Lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo ilé ló se irúgbìn tó kù lọ́wọ́ wọn jẹ. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbin tuntun. Òjò kò tún padà wá mọ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ́fíìsì pé èéhù ń rọ. Ìyá Gbòǹgbò dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n ní sùúrù, gbòǹgbò rẹ̀ ni kí wọ́n dúró dè. Ọ̀gá ní kó lọ ya fọ́tò oko bàbá rẹ̀ wá, kí wọ́n lè fi fọkàn àwọn èèyàn balẹ̀. Dírẹ́bà gbé e lọ ní kùtù hàì.

Ìyá rẹ̀ ló pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá kò kí i káàbọ̀, oko ló nàka sí. "Ó ti wà níbẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́."

Ó yọ fóònù fún fọ́tò, ó sì ń tọ ọ̀nà oko lọ. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

Oko náà ti gbẹ láti ìkángun dé ìkángun, àgbàdo dúró gbagidi bí ìgbálẹ̀, àfi ìdí ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níbi tí ewé tútù ti ṣù jọ ní ìwọ̀n ẹní kan, bàbá rẹ̀ sì wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ọ̀pá kẹta, ó ń fi ife bu omi inú kẹ́ẹ̀gì sí i, díẹ̀díẹ̀, kó má baà ṣòfò.