Ìwé Tó Pé Ọ̀ọ́dúnrún

Ẹ dákun, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọdún kẹrìndínlógún rè é tí mo ti ń fọ igò ní yàrá ìwádìí níbí ní Jámánì, ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá wa ni mo ń sọ.

1.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Volkmar Thiede lorúkọ rẹ̀. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣèwádìí lé lórí. Tí ìwé àbọ̀ ìwádìí bá ti jáde níbí, kéèkì là ń jẹ, ẹni tó ni ìwé ló sì ń gbé e wá. Ti ọ̀gá kì í ṣe kéèkì ọjà o. Àbúrò rẹ̀, Eckhard, tó ń ṣe búrẹ́dì ní abúlé kan létí òkun, ló ń ṣe é, á sì fi ṣúgà kọ iye ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí rẹ̀. Eckhard ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ iye ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju ọjọ́ orí àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ.

2.
Ọ̀gá fẹ́ kí ìwé òun pé ọ̀ọ́dúnrún kí òun tó pé ọgọ́ta ọdún. Ó ku oṣù méjì, ó ku ìwé kan. Oògùn tuntun kan tí wọ́n dán wò lára àádọ́ta aláìsàn ni ìwé náà dá lé. Swantje, dókítà ọ̀dọ́ tó ń bá a kọ ọ́, wá sọ fún un pé mẹ́ta nínú àwọn aláìsàn náà kú ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkàn wọn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ó jọ pé oògùn yẹn ló fà á, kí wọ́n ní sùúrù ọdún kan sí i.

Ọ̀gá ní arúgbó ni wọ́n, kí ni arúgbó ò lè kú sí. Ó ní ẹni tí kò bá wọn dé òpin ìwádìí kò sí nínú ìṣirò, kó yọ wọ́n kúrò.

"Ọ̀gá, òkú mẹ́ta nìyẹn o."

"Swantje, ṣé o fẹ́ gboyè ni àbí o ò fẹ́?"

Ó yọ wọ́n. Àádọ́ta di mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ìwé jáde, kéèkì dé. Èmi náà jẹ ẹ́, mo tún bu òmíì.

3.
Àfi bí ìwé yẹn ṣe wá lókìkí ju gbogbo ìyókù lọ. Láàárín ọdún méjì, àwọn onímọ̀ tó tọ́ka sí i nínú ìwé tiwọn lé ní ẹgbẹ̀rún. Ó wọ inú ìlànà tí àwọn dókítà ń tẹ̀ lé. Wọ́n pe ọ̀gá lọ sí Japan kó wá gba àmì ẹ̀yẹ.

Ibẹ̀ ló wà tí Eckhard fi pè é. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ti mú un, ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ nìyẹn ní ilé ìwòsàn. Kò fẹ́ da ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàmú lẹ́nu ayẹyẹ ni kò ṣe tètè sọ. Inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìwé yín ni wọ́n fi ń tọ́jú mi."

Lójú ẹsẹ̀ ni ọ̀gá pe dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, pé kó dá oògùn náà dúró kíákíá. Dókítà ní Eckhard ti gba gbogbo rẹ̀ tán lánàá.

"Kí ló dé, sà? Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé kì í ṣe ọkàn ní nǹkan kan."



4.
Oògùn tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀, ta ló fẹ́ fà á jáde? Ó wọ bàálù padà, ó jókòó ti ibùsùn àbúrò rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ọkùnrin tó kọ ọ̀ọ́dúnrún ìwé, omi inú ṣíbí nìkan ló kù tó lè fún un. Ní ọjọ́ kẹrin, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ìwé èwo ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Èyí tó pé ọ̀ọ́dúnrún."

"Mo rántí. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe kéèkì yẹn."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, ó kú.

Ọ̀gá kọ̀wé sí àwọn tó tẹ ìwé náà jáde pé kí wọ́n fà á padà. Wọ́n ní àwọn máa gbé e yẹ̀ wò. Oṣù kọkànlá rè é. Ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ilé ló ń jókòó sí, tó ń pe ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan láti kìlọ̀ fún wọn. Àwọn míì kì í gbé ìpè rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn onímọ̀ mẹ́fà tún tọ́ka sí ìwé náà, wọ́n yìn ín dáadáa.

Ẹ̀yin ará mi, iṣẹ́ yòówù kí ẹ máa ṣe, ẹ má torí pé ẹ fẹ́ kó pé iye kan kí ẹ wá yọ òkú kúrò nínú ìṣirò. Ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí lẹ rò pé ó máa kàn. Ẹ ò mọ̀ bóyá ọmọ ìyá yín ló máa sùn sórí ibùsùn yẹn. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kánjú. Ẹyin lọ̀rọ̀: tó bá ti bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.