Iná Tó Ń Tàn Lórí Ẹ̀rọ Òkè

Ìyálẹ̀ta ni, òjò sì ti ń rọ̀ láti ìdájí, nígbà tí omi ya wọ yàrá ẹ̀rọ ilé ìwòsàn wa. Ọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ náà mọ iṣẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Àbùkù kan ló ní: ojú iṣẹ́ ló máa ń wò, kì í wo inú rẹ̀.

Ẹ̀rọ Línọ́ọ̀sì méjì, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà, ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Àwọn ló ń kọ́ gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ní iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀ ilé, èkejì wà nínú ilé kékeré kan lórí òkè, kó lè gbé àwọn kọ̀ǹpútà dìde bí àjálù bá mú ti ìsàlẹ̀ lọ. Ohunkóhun tí ti ìsàlẹ̀ bá mọ̀, ti òkè gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ṣáájú ọjọ́ òjò yẹn, nígbà tí wọ́n ṣí wọ́ọ̀dù tuntun fún àwọn tí ọkàn ń yọ lẹ́nu, iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó já ẹ̀rọ méjèèjì kúrò lára wọn kí iṣẹ́ lè yá, ó ní bí òun bá ṣe tán, òun yóò tún wọn so. Ó ṣe tán, kò so wọ́n.

Olórí nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà bi í pé, “Bọ̀dá, ṣé tòkè mọ̀ pé wọ́n ti bí wa sáyé?”

“Mo débẹ̀ láàárọ̀, àǹtí. Iná rẹ̀ ń tàn.”

“Iná àtùpà náà ń tàn, kò mọ orúkọ ẹnì kankan.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń pè é ní Iná-ń-tàn.

Kò pẹ́ tí wọ́n gbé ìyá rẹ̀ wá sí wọ́ọ̀dù yẹn. Kọ̀ǹpútà kan wà lórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì tó máa ń ké bí ọkàn aláìsàn kan bá fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá náà máa ń sọ fún àwọn tó sùn tì í pé ọmọ òun ló ń tọ́jú rẹ̀, kí kálukú fọkàn balẹ̀ sùn.

Omi ọjọ́ yẹn ba ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ jẹ́, ó sì ba àwọn kọ̀ǹpútà tó ń darí àwọn wọ́ọ̀dù láti yàrá kan náà jẹ́. Wọ́n gbé òmíràn kalẹ̀, tòkè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Yàrá ìgbẹ̀bí dìde. Ilé oògùn dìde. Wọ́ọ̀dù ọkàn kò dìde, nítorí ẹ̀rọ òkè kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Àwọn nọ́ọ̀sì ń sáré láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ̀ ló sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kí wọ́n tó kàn án, ó ti lọ. Ohun tó yẹ kó ké kò ké.

Olórí nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Ó ní Màmá ti sùn.

Ọkùnrin náà ní, “Iná rẹ̀ ń tàn, àǹtí. Mo rí i.”

Kí wọ́n tó sin ìyá náà ni wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ẹ̀yin tí ẹ fi nǹkan pamọ́ de ọjọ́ burúkú, ẹ má kàn yọjú wò ó bóyá ó wà níbẹ̀. Ẹ dán an wò. Ẹni tó gbé agboòrùn kọ́ tí kò ṣí i wò, ọjọ́ òjò ni yóò mọ̀ pé ó ti ya.

Ní ti ọjọ́ òjò náà, Iná-ń-tàn gun òkè lọ nínú òjò, ó kọ́ ẹ̀rọ náà ní orúkọ wọ́ọ̀dù ọkàn, ó sì dúró tì í títí olórí nọ́ọ̀sì fi pè é lórí fóònù pé àwọn dán kọ̀ǹpútà orí tábìlì wò, ó sì ké, kó tó lọ wo ojú ìyá rẹ̀.