Ẹni Tó Yí Màmá Padà

Arúgbó mọ́kàndínlógún ló wà nílé ìtọ́jú náà, Ìbídùn nìkan ló sì ń ṣọ́ wọn lóru. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti yí Màmá Fadérera padà kí ẹ̀yìn wọn má baà degbò. Irọ́ tí bíró pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀ ni!

Ni bẹ́ẹ̀dì bá dún. Ìbídùn sáré wọlé. Màmá tí kò lè dá yíra padà ti kọjú sí ògiri.

"Ta ló yí yín, Mà?"

"Ìwọ náà kọ́? Ọwọ́ rẹ mà tutù o! Mo ti ń rò pé mo ti sú ọ."

Ojú ti Ìbídùn, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà."

Ẹnìkan tó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, tó gbé ojú rẹ̀ gan-an wọ̀, nà dìde lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì.

"Lọ sùn," ló wí. "Ó ku méjìdínlógún."